Ọdún Tí Pírínsípà Ṣí Fìlà

Ní Ilé-Ìwé Girama Ìlérí, lẹ́yìn Ijagba, kò sí ẹni tó tíì rí orí Pírínsípà rí. Fìlà la mọ̀. Ó ní ti aṣọ òkè, ó ní ti dámáàsìkì, ó ní èyí tí ó máa ń dé tí ó bá fẹ́ na akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ní èyí tí ó máa ń dé tí ó bá fẹ́ dárí jì í. Ignatius Akínwọlé ni orúkọ rẹ̀. Kátólíìkì ni wọ́n bí i sí ní Ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ó lọ bá àwọn aláṣọ funfun kan tí àwọn àgbà wọn máa ń dé fìlà jọ́sìn. Ó ní ìran lòun rí. A gbà pé ìran ni.

Tíṣà Veronica Ògúnrẹ̀mí ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní lítíréṣọ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ lòun náà, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún lọ. Ó ti fara da Pírínsípà pẹ́. Ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ gba ife ìjiyàn, pálọ̀ Pírínsípà ni ife náà sùn, ibẹ̀ náà ló sì jí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan Pírínsípà wọ kíláàsì SS2, ó gba nóòtù ẹ̀kọ́ tí Tíṣà Vero fi ń kọ́ wọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa bírò pupa yọ, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé: "Ṣe àtúnṣe. Kí o sì wá rí mi." Ó wá kà á sókè, kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́.

Wọ́n gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi lu agogo oúnjẹ ọ̀sán.

Ẹlòmíràn ìbá wá májèlé lọ. Tíṣà Vero délé, ó kọ fíìmù. *Tíṣà Bínú* ló pè é. Tíṣà kan ni, ọ̀gá rẹ̀ fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀ títí, ó wá gbé ìbọn, ó lọ bá ọ̀gá náà nílé, ó mú kí ó dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀, lẹ́yìn náà ó yìnbọn. Adégbénga, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì Ọ̀wọ̀, kà á tán, ó ní òun á yà á, kí Tíṣà Vero fúnra rẹ̀ ṣe tíṣà náà. Fóònù rẹ̀ ni kámẹ́rà. Iná rẹ̀ ni tọ́ọ̀ṣì méjì àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun. Káfíńtà kan ní Arimogija ló gbẹ́ ìbọn náà láti ara igi, wọ́n sì fi pólíìṣì bàtà kùn ún, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dì í mú, ọwọ́ rẹ̀ á dúdú bíi ti ẹni tó fọ ìkòkò. Báńgà tí àwọn ọmọdé ń yìn ní Kérésì ni yóò ṣe ìró rẹ̀.

Ó ku ibi tí wọ́n á ti yà á. Pírínsípà ní kí wọ́n lo ilé-ìwé, ṣùgbọ́n òun ni yóò ṣe pírínsípà inú rẹ̀.

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ?" ó ní.

A wò ó, òótọ́ ni.

Àtúnṣe wá bẹ̀rẹ̀. "Adégbénga, ọmọ mi," ó ní, "pírínsípà yìí le jù. Ẹ fi ibì kan sí i tí ó ti ń fún ọmọ òrukàn ní búrẹ́dì." Wọ́n fi búrẹ́dì sí i. "Ẹ fi ibì kan sí i tí àwọn òbí ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Wọ́n fi òbí sí i. Nígbà tó ku ìparí nìkan, ó pè wọ́n sí ọ́fíìsì.

"Mo ti ronú sí ìparí yẹn. Èmi kọ́ ni màá dọ̀bálẹ̀. Tíṣà ni yóò kúnlẹ̀. Á gbé ìbọn wọlé, á rí ojú mi, á kúnlẹ̀, á ní, 'Ẹ dárí jì mí, sà.' Èmi á wá rọra gẹ fìlà mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, màá ní, 'Dìde, ọmọ mi.' Fíìmù parí."

"Sà," Adégbénga ní, "fíìmù ẹ̀san ni o."

"Ẹ̀san náà nìyẹn."

Tíṣà Vero ṣírò ó. Gbogbo ìyókù fíìmù náà ni wọ́n ti yà nínú ilé-ìwé tán. Tí Pírínsípà bá ní kí wọ́n máa lọ, iṣẹ́ oṣù kan wọmi. Ṣùgbọ́n ó rí gbọ̀ngàn ilé-ìwé lójú inú rẹ̀, ó rí àwọn SS2 tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń wo òun lórí ìkúnlẹ̀. Ó mọ̀ pé tí òun bá kúnlẹ̀ níbẹ̀, òun kò tún ní dìde mọ́ ní kíláàsì yẹn láé.

"Níbo la ti máa yà á, sà?"

"Ilé mi tuntun ní Ọ̀wọ̀. Ẹ ò tíì rí ṣandẹlíà mi." Iná olójú púpọ̀ kan ni, ó rọ̀ láti àjà pálọ̀, láti oṣù tó kọjá, kò sí ìpàdé tíṣà tí a kì í ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀.

"Ó di Sátidé yìí nìyẹn," Adégbénga ní. "Mọ́ńdè ni mo ń lọ àgọ́ àgùnbánirọ̀ ní Sókótó. Tí kì í bá ṣe Sátidé, kò sí mọ́."

Tíṣà Vero wo kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́yìn Pírínsípà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dára bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí àwọn aládùúgbò náà wá wò ó."

"Mo ti pè wọ́n."

Nígbà tí wọ́n jáde, Ṣèyíọlá, tíṣà tó ń kùn wọ́n ní páúdà, fà á lápá. "Vero, o sì gbà? Èmi ìbá fi ìbọn onígi yẹn gbá a lẹ́nu."

"Oṣù wo la wà?"

"Sẹ́tẹ́ńbà."

"Kí ni wọ́n ń ṣe ní Ọ̀wọ̀ báyìí?"

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Ṣèyíọlá, kò mọ̀. Tíṣà Vero wá là á yé e. Ọdún Igogo ni. Tí wọ́n bá ti wà nínú rẹ̀, ọkùnrin kì í dé fìlà nígboro Ọ̀wọ̀, obìnrin kì í wé gèlè, wọn kì í lu ìlù, ẹnikẹ́ni kì í sì í yìnbọn. Lọ́dọọdún tí Igogo bá ti dé, Pírínsípà á ní iṣẹ́ pọ̀, á sùn sí Ijagba títí wọn yóò fi ṣe é tán.

"Àwa sì ń yìn ín pé ó fẹ́ràn iṣẹ́," Ṣèyíọlá ní. "Báwo ló ṣe wá gbàgbé tọdún yìí?"

"Iná ṣandẹlíà ló fọ́ ọ lójú."

Nígbà tó di Sátidé, bí ọkọ̀ wọn ṣe kọjá Isuada tí wọ́n fẹ́ wọ Ọ̀wọ̀, Ṣèyíọlá tú gèlè rẹ̀, ó tì í bọ inú báàgì. Nílé Pírínsípà, àga ti kún pálọ̀, orí gbogbo èèyàn sì wà ní ìhòòhò. Ní iwájú pátápátá ni Bàbá Dominic jókòó, àgbà àdúgbò náà, tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni oyè tí Pírínsípà ń wá kiri yóò ti jáde.

Alẹ́ Fúráìdé ni Pírínsípà ti wọ̀lú, ó ti wíńdò ọkọ̀ pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, kò rí orí ẹnikẹ́ni. Ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ báyìí pẹ̀lú fìlà etù tó gẹ̀ sápá òsì.

Bàbá Dominic wúkọ́. "Ignatius."

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o."

"Kí ló wà lórí ẹ?"

Pírínsípà wo àwọn èèyàn. Ó wo orí wọn. Ìró agogo ọdún ń bọ̀ láti ọ̀nà ààfin. Ó yí padà lórí àtẹ̀gùn, ó sì gùn ún bí ọmọ tí egúngún ń lé.

Láti ìgbà náà, Mojí ìyàwó rẹ̀ ló di oníṣẹ́. Ó kọ́kọ́ wá sọ pé orí ń fọ́ ọkọ òun. Ó padà wá.

"Ó ní ṣé kámẹ́rà ò lè dúró sí ọrùn?"

"Mọ̀mí," Adégbénga ní, "ta la máa wá sọ pé ọrùn náà jẹ́?"

Mojí lọ, ó tún bọ̀. "Bàbá, ó ní ṣé tọ́wẹ̀lì kì í ṣe fìlà."

"Ohun téèyàn bá gbé lérí tí kì í ṣe ẹrù," Bàbá Dominic ní, "fìlà ni."

"Irun wá ńkọ́, Bàbá?"

"Irun? Ta ló ń bá èèyàn du irun orí ẹ̀?"

Mojí fọwọ́ pa irun orí tirẹ̀. Ó gòkè lọ.

Adégbénga ti tan fóònù sílẹ̀ nígbà tí Pírínsípà sọ̀kalẹ̀. Wíìgì Mojí ló wà lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n di ní wẹ́wẹ́ tó sì balẹ̀ dé èjìká. Ó rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ dé abẹ́ ṣandẹlíà, ó gbé àyà síwájú. Tíṣà Vero gbé ìbọn wọlé bí ìwé ṣe wí.

"Ta nìyẹn?" Pírínsípà ní, ó mú ohùn láti inú ikùn.

Bàbá Dominic ló dáhùn. Ó ti dìde lórí àga rẹ̀, lẹ́yìn Tíṣà Vero gan-an.

"Ọmọ Ọ̀ghọ̀, Ọ̀wọ̀ wa yìí, ni ọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ọkùnrin wo ló ń dirun bí obìnrin nílùú yìí lásìkò Igogo?"

Gbogbo ilé mọ̀ ọ́n, Pírínsípà náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni. Ọba ni. Ọba ni í dirun, tí í sì í wọ ìlẹ̀kẹ̀ jó lọ́jọ́ ọdún.

"Oyè tí o ń bá mi sọ," Bàbá Dominic ní jẹ́ẹ́jẹ́, "mo rò pé oyè kékeré ni. Mi ò mọ̀ pé ìtẹ́ lò ń wò."

Pírínsípà já wíìgì náà sọnù bí ẹni tí oyin bà lé. Orí sì yọ. Ó mọ́ róbótó, ó ń dán, gbogbo gílóòbù ṣandẹlíà ló wà nínú rẹ̀. Kò sí irun kan ṣoṣo tó lè jẹ́rìí pé àwọn kan ti gbé ibẹ̀ rí. Kí ẹnikẹ́ni tó mí, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ ṣàánú mi. Àṣìṣe ni. Ẹ má jẹ́ kó dé ààfin. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá Dominic ni Pírínsípà ń bẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá kò sí lójú fóònù Adégbénga. Tíṣà kan ló wà níbẹ̀ tó gbé ìbọn dání, ọ̀gá rẹ̀ sì nà gbalaja níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Adégbénga kò pa fóònù. Ọwọ́ ló jù sí Tíṣà Vero pé kó máa lọ.

Kò lè yìnbọn. Igogo kò gbà á, báńgà náà sì wà nínú báàgì Ṣèyíọlá lábẹ́ gèlè. Ó gbé ìbọn kalẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúdú kirikiri. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì fi ohùn tó fi ń bá SS2 sọ̀rọ̀ sọ ọ́ pé:

"Ṣe àtúnṣe. Kí o sì wá rí mi."

Ó yí padà, ó jáde.

"Kọ́ọ̀tì," Adégbénga ní jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dá kámẹ́rà dúró.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé, Pírínsípà, tí òun fúnra rẹ̀ ti pe gbogbo òbí ṣáájú, dé fìlà tó tóbi jù, ó ń làágùn níwájú. Nígbà tí Tíṣà sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, àwọn SS2 dìde lé àga, wọ́n ní kí wọ́n dá a padà, wọ́n sì bá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àárín ariwo yẹn ni òbí kan ti wí lẹ́yìn Pírínsípà pé, "Ọkùnrin yìí mọ eré ṣe o. Ó fá gbogbo orí ẹ̀ nítorí iṣẹ́."

Pírínsípà gbọ́. Ó nu òógùn iwájú orí. Ó ṣí fìlà.

Láti ọjọ́ náà òróró àgbọn ló fi ń pa orí rẹ̀. Ó ń sọ fún àlejò pé òun lòun ronú kan ìparí fíìmù náà. Bàbá Dominic ní kí wọ́n ṣì fi ọ̀rọ̀ oyè dúró ná, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ọmọ náà mọ ìdọ̀bálẹ̀. Nóòtù ẹ̀kọ́ Tíṣà Vero sì padà wá láìsí pupa kankan nínú rẹ̀. Pírínsípà kàn ní kí ó yọjú sí òun lọ́fíìsì.

"Jókòó, Tíṣà." Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. "Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn nínú fíìmù. Àwọn kan ń sọ pé ọwọ́ òsì mi ò tẹ́ dáadáa."

Tíṣà Vero rò ó. "Ẹ jẹ́ n tún un rí, sà."

Pírínsípà wo ilẹ̀kùn. Ó ká agbádá rẹ̀ sókè, ó sì nà gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú àga tí ó fún Tíṣà. Tíṣà Vero dá orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò ó bí ẹni tó ń máàkì.

Bẹ́ẹ̀ ni Ṣèyíọlá ṣílẹ̀kùn, àwa tíṣà yòókù wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú nóòtù wa lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, a ò mọ̀ pé..."

"Ẹ wọlé," Tíṣà Vero ní. "Àtúnṣe là ń ṣe."