Evžen Ló Kàn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń bí mi nínú, kó wá wo Ctibor àbúrò mi lọ́jọ́ tí Kérésìmesì ku ọ̀la. Gbogbo ará Ostrava, ìlú wa, ń dín ẹja ọdún, òun ń gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ wọlé Màámi. Ó ní òun ti tún un ṣe. Ó gbé e ka tábìlì kékeré nínú yàrá tí àwa ọmọ ń sùn nígbà kan, ó ki wáyà bọ iná, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí nǹkan he.

Mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ Àríwá ni, géèmù ogun tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi lo ìgbà èwe wa. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sáré yìnbọn kiri. Bí ayò ló rí: o ta, mo ta, ọ̀tá náà á ta tirẹ̀. Sójà mẹ́rin ló ń gbà, a sì sọ wọ́n lórúkọ ara wa: Evžen tó jẹ́ àkọ́bí, èmi Květa, àti Ctibor. Ìkẹrin tí kò ní ẹni tó ń ta á, a sọ ọ́ ní Màmá, a sì máa ń fi í síbi tí ọta ìbọn ò lè dé. A ní òfin. Ẹni tó bá kú ti kú nìyẹn, a kì í dá géèmù padà sẹ́yìn láti jí òkú. Gbogbo ọmọ tó ń ta irú géèmù bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa ló ń pa òfin yẹn mọ́. Èyí tó jẹ́ tiwa nìkan ni pé a kì í fọwọ́ kan sójà ẹlòmíì.

Ìjà tó kẹ́yìn nínú géèmù náà la wà nígbà tí Evžen gbé pákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, ó ní òun ń lọ sórí òkè Beskydy. Hẹlikọ́pítà tó fẹ́ kó wa ti balẹ̀, sójà àwa yòókù ti wọ inú ẹ̀, tirẹ̀ nìkan ló kù lẹ́yìn kànga lọ́hùn-ún. Òun ló sì kàn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kan èèyàn mi o. Mo ń bọ̀." Ìjì yìnyín jà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n wá a títí yìnyín fi yọ́. Wọn ò rí pákó, wọn ò rí ọmọ.

Màámi ò gbà kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sára òkúta ní itẹ́ òkú. Ó ní ẹni tí òun ò sin kò tíì kú. Gbogbo ilé nílùú wa ló ń gbé abọ́ kan sí i sórí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ yìí nítorí àlejò tó bá ṣèèṣì kan ilẹ̀kùn; nílé tiwa, a mọ àlejò tí abọ́ náà ń dúró dè. Ẹsẹ̀ ti ń dun Màámi, àtẹ̀gùn ti di ìyà fún un, síbẹ̀ kò gbà ká mú un kúrò ní fúláàtì yẹn, torí Evžen ò mọ ilé míì.

Mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, mo bá bi Ctibor pé kí ló dé. Ó ní nítorí apá kejì géèmù náà ni. Ó ti pẹ́ tó ti rà á, kò tíì tú ọ̀rá ara páálí ẹ̀, nítorí àwọn tó bá yè ní apá kìíní ló ń kọjá sí ìkejì, apá kìíní ò sì tíì parí. Ó ní ká kàn fo Evžen, kí hẹlikọ́pítà gbéra, kó tán síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, a ti dàgbà. Sójà orí kọ̀ǹpútà ni."

Mo ní orí ẹ̀ ò pé. Mo ní tó bá fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn, màá gbá a létí. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Sójà náà ṣì wà lẹ́yìn kànga, ó ń mí, èéfín ń jáde lẹ́nu ẹ̀ nínú òtútù. Wọ́n kọ ọ́ sókè ojú kọ̀ǹpútà pé Evžen ló kàn. Màámi pè wá sí oúnjẹ, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìràwọ̀ àkọ́kọ́ ti yọ, òun la máa ń dúró dè ká tó jẹun. Tí a bá ti jókòó sí oúnjẹ yìí, kò sẹ́ni tó ń dìde mọ́ títí gbogbo èèyàn á fi jẹun tán. Ẹni tó bá dìde, Kérésìmesì tó ń bọ̀ ò ní bá a láyé. Màámi máa ń kó gbogbo nǹkan sítòsí ọwọ́ kó tó jókòó, títí kan iyọ̀.

A ń mu ọbẹ̀ ẹja lọ́wọ́ nígbà tí ohùn kan sọ̀rọ̀ nínú yàrá. "Mo ń bọ̀."

Ohun tí sójà inú géèmù yẹn máa ń sọ nìyẹn tí èèyàn bá ní kó rìn. Lẹ́yìn ẹ̀ la gbọ́ bàtà tó ń rún yìnyín mọ́lẹ̀. Ó rìn díẹ̀, ó dúró. Mo wo Ctibor, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì wà lórí tábìlì. Ó ní ẹ̀rọ àtijọ́ ni, pé ó lè máa ṣe ségesège. Ohùn náà tún wí pé òun ń bọ̀, bàtà tún gbéra.

Màámi fọwọ́ ti tábìlì, ó ń dìde. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú.

"Màámi, ẹ jókòó. Ẹ mọ ohun tí òní jẹ́."

"Ṣé kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ẹ? Fi mí sílẹ̀."

"Kì í ṣe Evžen. Ẹ̀rọ ni."

"Tí kì í bá ṣe Evžen, kí ló wá ń bà ẹ́ lẹ́rù?"

Ó já ọwọ́ ẹ̀ gbà, ó ń tọ ògiri lọ sí yàrá. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e nínú àwa méjèèjì. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, a ń rí ẹ̀yìn ẹ̀ àti ojú kọ̀ǹpútà láti orí àga wa. Sójà Evžen ò sí lẹ́yìn kànga mọ́. Ó ti dé àárín pápá gbalasa, níbi tí kò ti sí ohun tó lè fi bo ara. Orúkọ tó wà lókè sì ti yí padà. Màmá ló kàn.

Màámi ò ta géèmù náà rí láyé ẹ̀. Ó fara balẹ̀ jókòó.

"Èwo ni èmi?"

Ó bèèrè bí ẹni tó ń bèèrè ibi tí a gbé iyọ̀ sí.

"Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà hẹlikọ́pítà," Ctibor wí. "Màámi, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ o. Kò ní dúró dè yín."

"Ṣé mo bi ẹ́ bóyá ó máa dúró? Èwo ni mo máa tẹ̀?"

Èmi ni mo sọ fún un, nítorí ìyá mi kò ní fi irú ohùn yẹn bi mí ní nǹkan kí n má dáhùn. Ó tẹ̀ ẹ́. Sójà tí kò sún mọ́ ibi ewu rí látọjọ́ tí a ti sọ ọ́ lórúkọ wí pé òun ń bọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó la yìnyín kọjá, ó lọ dúró ti Evžen. Hẹlikọ́pítà sì gbéra. Èmi àti Ctibor nìkan ló gbé.

Màámi padà wá sídìí tábìlì, ó mú ṣíbí ẹ̀, ó sì jẹun dáadáa, ohun tí a ò rí kó ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé abọ́ àlejò kúrò, pé òun ò retí ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, ó kú lójú oorun. Òkúta kan la kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí. Mo sunkún títí ohùn mi fi há.

Kérésìmesì tún ti dé, èmi ni mo dín ẹja nílé Màámi lọ́dún yìí. Ctibor gbé páálí apá kejì wá, ó ti tú ọ̀rá ara ẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ẹ̀ hàn mí, níbi tí wọ́n kọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ sí: àwọn tí hẹlikọ́pítà gbé ló máa padà lọ bá àwọn tó ṣẹ́ kù. Mo ní kó gbé e jù sílẹ̀, kó wá jókòó. Kò sí iná lára kọ̀ǹpútà, èmi fúnra mi ni mo yọ wáyà ẹ̀.

A ń mu ọbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ohùn méjì sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Wọn ò sọ pé àwọn ń bọ̀ mọ́.

"Ẹ̀yin ló kàn."

Ctibor fọwọ́ ti tábìlì. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, mo dì í le ju bí mo ṣe di ti Màámi mú lọ. Mo ní kó jókòó, kó jẹun ẹ̀. Ó jókòó. Ọbẹ̀ ti tutù, a ṣì ń fi ṣíbí bù ú díẹ̀díẹ̀, nítorí tó bá tán, kò sí ohun tó máa mú wa jókòó mọ́.