Ẹja Tó Fikùn Sókè ní Òde-Omi

Láti ọjọ́ tí Abibat ti sọ pé àwòrán yíyà lòun fẹ́ máa fi jẹun, bàbá rẹ̀ kò pè é ní Àmọ̀kẹ́ mọ́. Oríkì tó fi ń jí i láti kékeré, ó gbé e mì. Abibat ṣákálá ló kù, bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ ní kíláàsì.

Àlàájì Rùfáì, bàbá náà, kì í ṣe ìkà. Pákó ló ń là ní Ìjẹ̀bú-Igbó, pákó náà ló sì fi rán ọmọ rẹ̀ lọ sí yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè.

"Mo ní kó o lọ kàwé, o wá ń ya orí obìnrin sára ṣọ́ọ̀bù onídìrí! Ó dáa. Oyèbọ̀dé, apẹja tó ra pákó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi ní Òde-Omi, ń wá ẹni tí yóò ya ẹja sí ọkọ̀ náà lára. Lọ yà á. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, mo gbà fún ọ. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìwé ìwáṣẹ́ tíṣà yá."

Abibat kírun, ó bẹ Ọlọ́run kó fi ọwọ́ Rẹ̀ lé ọwọ́ òun, ó gbọ̀nà Òde-Omi.

Ìdojúdé ló bá ọkọ̀ náà létí ọ̀sà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dí abẹ́ rẹ̀ tán. Àwọn apẹja ti lọ sódò. Ewúrẹ́ nìkan ló ń wò ó níṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ya ẹja ńlá mẹ́fà sí ìhà rẹ̀, ìpẹ́ wọn ń dán gbinrin. Ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ! Kò wá sọ́kàn rẹ̀ pé ohun tó dojú dé lónìí ń bọ̀ wá ṣíjú lọ́la.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa wọ omi, gbogbo ènìyàn pé, Àlàájì náà dé. Àwọn ọkùnrin yí ọkọ̀ padà.

"Yéè! Ẹja ti kú!" Nathaniel apẹja ló pariwo. "Gbogbo wọn fikùn sókè!"

Ẹ̀rín sọ létí omi. Àlàájì tẹjú mọ́lẹ̀.

"Ọmọ Àlàájì," Oyèbọ̀dé ní, "ṣé ẹ kì í rí ẹja láàyè ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni?"

"Inú fíríìsà la ti ń rí i, bàbá," Abibat fèsì, omijé ń bọ́.

"Ẹ tì í sómi ná," Oyèbọ̀dé ní. "Àkókò àdúrà ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. A ó kùn ún bó bá dọ̀la."

Wọ́n tì í. Abibat ń sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

"Bàbá! Ẹ wo inú omi!"

Omi tòrò bíi dígí. Nínú òjìji ọkọ̀, ẹja mẹ́fà fẹ̀yìn sókè, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́. Àjẹ̀ kan omi, gbogbo wọn jùrù.

Oyèbọ̀dé bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó fò sókè. "Ẹja tiyín, ara igi ló wà. Tèmi ń bẹ lódò! Ẹni tó bá fọ̀dà kàn án, èmi àti ẹ̀ ni!"

Wọ́n ṣàdúrà sí ọkọ̀. Kí wọ́n tó ṣe àmín tán, Nathaniel ti sún mọ́ Abibat. "Àǹtí, ìgbà wo lẹ ó ráyè tèmi? Kẹ́ ẹ yà á lódì o!"

Àlàájì wúkọ́.

"Àmọ̀kẹ́."

Abibat yí padà.

"Àmọ̀kẹ́ ọmọ a-lagi-bí-ẹní-la-obì. Igi mi di ọkọ̀, ọkọ̀ mi bí ẹja. Ọlọ́run kò ní gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ."

Abibat kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, tòun ti aṣọ tó fi ń ròde.