Ìpè Tí Kò Tíì Dé Orí Dísìkì

Ìyá Ìpè kò kan ilẹ̀kùn. Ó wọlé, ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ṣì wà ní etí rẹ̀ kan, ó ní, "Bàbá, kọ̀ǹpútà yín tún ti sùn lọ."

Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń gba ìpè ní iléeṣẹ́ áńbúláǹsì wa. Bí ẹnì kan bá pè, wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, èyí tó tóbi lọ́dọ̀ mi á kọ ọ́ pamọ́ sórí dísìkì, ìgbà tó bá kọ ọ́ tán ni yóò tó rán awakọ̀ tó sún mọ́ ibẹ̀. Láti àárọ̀ ni kíkọ náà ti ń fà. Nígbà tó fi di ọ̀sán, èèyàn á tẹ bọ́tìnnì, á wá máa wo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń retí àlejò.

"Ọkùnrin kan wà lórí fóònù," ni Ìyá Ìpè wí. "Ìyàwó rẹ̀ kò lè mí dáadáa. Ìpè rẹ̀ kò tíì kúrò lójú kan."

Ó ti gbìyànjú redíò. Gbogbo awakọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ẹnikẹ́ni.

Àbúrò ìyàwó mi, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Kíákíá, ti tẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ẹ wò ó, Bọ̀dá. Ọpọlọ rẹ̀ jókòó, ó ń fẹ́ ara rẹ̀ ní abẹ̀bẹ̀. Dísìkì ló ń làágùn."

"Bí ọ̀gá àti lébìrà," ni Ìyá Ìpè wí. "Ẹ ṣe é kó yá."

Mo rí ohun tó fà á. Ẹ̀rọ alárinà kan wà láàárín kọ̀ǹpútà àti dísìkì. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, á dì í mú lọ́wọ́, á sì dáhùn pé òun ti kọ ọ́, kó tó ráyè kọ ọ́ ní tòótọ́. Bátìrì kékeré kan ló mú kí èyí ṣeé fọkàn tán: bí iná bá lọ, bátìrì náà á tọ́jú ọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́. Bátìrì yẹn ti kú. Alárinà kò wá gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀ mọ́. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tán kó tó dáhùn.

"Ẹ jẹ́ ká fipá mú un kó máa dáhùn kó tó kọ," ni Kíákíá wí. "Àṣẹ kan péré ni. Á máa sáré bíi ti tẹ́lẹ̀."

Jẹnẹrétọ̀ ti ń wúkọ́ láti àárọ̀.

"Bí iná bá ṣẹ́jú ńkọ́?"

"Kò ní ṣẹ́jú."

"Ṣé ìwọ lo ni iná?"

Mo ń wá ẹni tó ń kọ̀wé jù. Ìpè kọ́. Àwọn ọkọ̀ wa ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kọ ibi tó wà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ì báà máa sáré, ì báà dúró sábẹ́ igi. Nígbà tí bátìrì ṣì wà láàyè, a kò mọ̀ ọ́n lára. Ní báyìí, ẹni tí kò lè mí ń tò sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń sọ pé òun ò tíì kúrò níbi tí òun wà.

"Mo máa dá kíkọ àwọn ọkọ̀ dúró," ni mo wí. "Ibi tí a ti rí wọn kẹ́yìn ni a ó máa lò."

"Tó bá wá rán èyí tó jìnnà ńkọ́?" ni Ìyá Ìpè bi mí.

"Èyí tó jìnnà á dé. Èyí tí a kò rán kò ní dé."

Kíákíá lu tábìlì. "Ọgbọ́n tí ẹ ń dá yìí ti pẹ́ jù. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń pè nítorí rẹ̀ yìí, ṣé ẹ máa kọ̀ láti fipá mú un?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ìyàwó mi, tí a sin kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti pè nítorí rẹ̀ rí," ni mo wí. Mi ò gbé ojú kúrò lára iṣẹ́. "Iléeṣẹ́ òdìkejì odò, tó sún mọ́ ilé wa, ni mo pè lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, 'A ti gbà á, Bàbá, ọkọ̀ ti ń bọ̀.' Àwọn náà ti fipá mú tiwọn. Iná ṣẹ́jú."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mo lọ wo dísìkì wọn fúnra mi lẹ́yìn ìsìnkú. Ìpè tó ṣáájú tèmi wà níbẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé tèmi wà níbẹ̀."

Ìyá Ìpè yí ojú sí ògiri.

"Ẹ dá kíkọ àwọn ọkọ̀ dúró," ni Ìyá Ìpè wí.

Mo tẹ àṣẹ náà. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ohun tó yí padà. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó tò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, wọ́n ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsáré. Ìyá Ìpè fi ọwọ́ tẹ ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ mọ́ etí. Ó ń bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: kó gbé ìyàwó rẹ̀ jókòó, kó tú ọrùn aṣọ rẹ̀, kó má fi fóònù sílẹ̀.

"Awakọ̀ ti gbà á," ló wí fún wa. "Kì í ṣe èyí tó sún mọ́ jù."

A dúró. Kíákíá ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò láti lọ wá bátìrì tuntun, ṣùgbọ́n kò lè jáde. Redíò ti rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbọ́ ohùn awakọ̀ náà ketekete láti yàrá kejì. Ó ní òun ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó pẹ́ kó tó tún sọ̀rọ̀.

"A ti gbé e sínú ọkọ̀. Ó ń mí. Ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mí."

Ìyá Ìpè bọ́ ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kúrò létí, ó pa dà sẹ́nu iṣẹ́ láìkí wa.

Mo ṣí dísìkì, mo wá ìpè ọkùnrin náà; ó wà níbẹ̀. Kíákíá bọ́ sẹ́yìn àga mi.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n rí i."

Mo sún fún un. Ó ka nọ́ńbà ilé náà, ó ka orúkọ òpópónà, ó wá fi ìka sí ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà sọ nípa ìyàwó rẹ̀, kò sì tètè gbé ìka náà kúrò.