Ìbejì inú Kóró Ọsàn Wẹ́wẹ́

Ìsìn ti parí, àwọn obìnrin ṣì ń kí ara wọn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ungwan Romi, ni Màmá Pásítọ̀ bá na ọwọ́ mú Folúṣadé léjìká.

"Màmá Ezra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àbúrò yín kó fi ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ikọ́ ò jẹ́ kí Pásítọ̀ wàásù dáadáa."

Folúṣadé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Òun náà ní igi ọsàn wẹ́wẹ́. Ilé rẹ̀ kò jìnnà; ẹni tó bá dúró lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì á rí orí igi náà lókè ògiri. Mando ni Morọ́láyọ̀ àbúrò rẹ̀ ń gbé, ní ìpẹ̀kun kejì ìlú Kàdúná, lẹ́yìn odò, lẹ́yìn Kawo. Kí ènìyàn fo igi tó wà lójú rẹ̀ báyìí, kó máa wá ọsàn lọ sí Mando!

"Mà á sọ fún un, Mọ́mì," ló wí. "Ṣùgbọ́n ti ilé mi náà ń bẹ o. Ó so débi pé ó ń jẹrà nílẹ̀."

"Mo mọ̀, mo mọ̀. Olúwa yóò bù kún un." Màmá Pásítọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń fún aláìsàn ní oògùn. "Tiyín kan dáadáa. Tàbúrò yín yẹn ló ní òórùn."

Folúṣadé kò rántí bí ó ṣe rìn délé.

Ohun tó ń dùn ún jù ni pé kóró kan ṣoṣo ló hu igi méjèèjì. Ìyá wọn, Matilda, ló gbìn ín sínú agolo mílíìkì nígbà tí wọ́n ń gbé ní Mahuta. Ẹ̀yìnkùlé ilé tí wọ́n háyà ni ó ti ká ọsàn náà. Nígbà tí kóró náà yọ, èéhù méjì ló yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Matilda ké sí gbogbo ilé.

"Ẹ wá wo ìbejì o!"

Obìnrin náà fẹ́ràn láti máa ki nǹkan. Ó lè ki ìkòkò, ó lè ki adìẹ. Ó kúnlẹ̀ ti agolo náà, ó ń pàtẹ́wọ́:

"Ìbejì inú kóró, ẹ káàbọ̀ sílé Matilda,
ẹ̀yin tí ẹ wọlé ayé láìsunkún,
tí ẹ dá aṣọ aláwọ̀ ewé kan náà wọ̀.
Ẹ má kan mí lẹ́nu, ẹ má gún mi lọ́wọ́,
ẹ dúró tì mí di ọjọ́ alẹ́."

Nígbà tí ó tó àkókò láti yà wọ́n, ọ̀kan ti ga, ewé rẹ̀ ń dán. Èkejì rí tíńrín bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kò lọ́mú. Ìyá Matilda fún Folúṣadé ní èyí tó ga, ó fi oríkì pè é. "Àbẹ̀kẹ́, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Gba Kẹ́hìndé." Ó fún Morọ́láyọ̀ ní Táyé, èyí tó rí tíńrín. Inú Folúṣadé dùn lọ́jọ́ náà ju bí ó ṣe yẹ kí inú àgbàlagbà dùn lọ. Ó wo Morọ́láyọ̀ bí ó ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé igi kékeré náà, ó sì káàánú rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Ìyá ti re ọ̀run báyìí. Igi Kẹ́hìndé tóbi lóòótọ́, ó kún fún ẹ̀gún, èso rẹ̀ kún fún kóró, ó sì kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ ilé gbogbo ènìyàn. Táyé tó wà ní Mando kò ga, ṣùgbọ́n èèpo ọsàn rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìwé. Bí ènìyàn bá gé e nínú yàrá, ẹni tó wà ní ìta á béèrè pé kí ló ń ta sánsán bẹ́ẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n tilẹ̀ ní orúkọ fún un: ọsàn Morọ́láyọ̀.

Nígbà tó yá, àwọn alàgbà pinnu pé àwọn yóò ṣe ọgbà ọsàn kan sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrántí Ìyá Matilda, tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbá àgbàlá náà. Ara igi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ni wọn yóò ti gé ẹ̀ka, wọn yóò so ó mọ́ ìdí igi tuntun. Ọmọ tí igi rẹ̀ bá wọlé ni yóò gbin àkọ́kọ́ lójú gbogbo ìjọ, lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Ọpẹ́mipọ̀, ọmọbìnrin Díákónì Adébíyìí, ni wọ́n ní kó yan igi náà. Ó ń kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn ní yunifásítì, ó sì ti ń gba ewé ọsàn wẹ́wẹ́ jọ kiri ìlú tẹ́lẹ̀.

"Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ìyá mi," ni Ọpẹ́mipọ̀ wí fún ẹgbẹ́ obìnrin. "Àbùdá inú ewé ni mo ń wò. Igi tó pọ̀ nílùú yìí lè jẹ́ igi kan ṣoṣo tó ń tún ara rẹ̀ bí. Bí àrùn kan bá wọ ọ̀kan, á pa gbogbo wọn. Èyí tó bá dá yàtọ̀, òun la gbọ́dọ̀ gbìn. Ẹ bá mi já ewé tútù lára igi yín, kí ẹ mú un wá nínú náílọ̀n lọ́jọ́ Sunday."

Folúṣadé ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ó ti rí Morọ́láyọ̀ nínú ìran, tó wọ aṣọ funfun, tó gbé igi dání, tí gbogbo ìjọ ń kọrin, tí òun ẹ̀gbọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó wá wo ìran. Òun tí Ìyá fún ní Kẹ́hìndé!

Lọ́jọ́ tó tún lọ gba ọsàn fún Màmá Pásítọ̀ ní Mando, Morọ́láyọ̀ wọlé lọ bu omi fún un. Folúṣadé dúró lábẹ́ igi náà. Kò pẹ́ rárá. Ó já ọ̀wọ́ ewé kan, ó ti í bọ inú báàgì rẹ̀, ó gba omi, ó mu ún, ó dúpẹ́.

Nígbà tó délé, ó kúnlẹ̀ gbàdúrà kó tó di náílọ̀n náà. Ó ń bá Ọlọ́run rojọ́. "Baba, ṣebí ìbejì ni wọ́n? Kóró kan náà ni. Ṣé ewé Táyé kọ́ ni ewé Kẹ́hìndé? Irọ́ wo ló wà níbẹ̀?" Ó dìde láìdúró gbọ́ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ sọ.

Nígbà tí àbájáde dé, ìpàdé kún. Ọpẹ́mipọ̀ ń fò sókè bí ẹni tó jẹ ẹ̀bùn.

"Gbogbo igi tó wà ní Romi níhìn-ín àti Mahuta, ọ̀kan náà ni wọ́n! Ṣùgbọ́n ti Màmá Ezra àti ti àbúrò wọn, ọ̀tọ̀ ni. N kò rí irú rẹ̀ níbòmíràn nílùú yìí. Àwọn méjèèjì sì bára mu délẹ̀. Nítorí náà, ọ̀kan tó fún wa. Ti Màmá Ezra ló wà nítòsí, ibẹ̀ la ó ti gé ẹ̀ka."

Ariwo ta. Wọ́n ń pè é ní ọmọ Matilda, Àbẹ̀kẹ́ ọlọ́sàn. Folúṣadé jó. Ó ń jó, ó ń wá ojú Morọ́láyọ̀ láàárín èrò, ó fẹ́ kí ojú náà fà ro díẹ̀, kí òun lè rí i. Morọ́láyọ̀ ló kọ́kọ́ dì mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi dùn o! Mo máa ń sọ fún wọn pé bákan náà ni, wọn ò gbà."

Jíjó náà sú Folúṣadé lójijì.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọn kò tíì wá gé ẹ̀ka, fóònù rẹ̀ dún. Morọ́láyọ̀ ni, ariwo ẹ̀rọ agégi sì ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o. Ọládàpọ̀ ọkọ mi ti rí ààyè gbẹ́ bọọ̀hóòlù, kànga ẹ̀rọ rẹ̀ yẹn, síbi tí igi wà lónìí! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá a jà pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi Ìyá mi. Àmọ́ nígbà tí Ọpẹ́mipọ̀ ti ní tiyín ni tèmi, kí ni mo tún ń jà sí? Mo ní kí wọ́n gé e."

Folúṣadé gbé fóònù náà mọ́ etí. Ohun kan dùn nínú rẹ̀, ó dùn gan-an, bí omi tútù lọ́jọ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Bí igi yẹn bá ti lulẹ̀, ó parí. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Kò ní sí ẹni tí yóò tún rẹ ohùn sílẹ̀ sọ fún un pé tàbúrò rẹ̀ ló ní òórùn. Ọsàn wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo ni yóò kù fún Ìyá Matilda láyé, tirẹ̀ ni.

Ó gbọ́ tí Morọ́láyọ̀ ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Mo kàn ní kí n sọ fún yín, nítorí ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún díẹ̀."

"Olúwa, gbà mí lọ́wọ́ ara mi," ni Folúṣadé wí. Ó wá pariwo, "Morọ́láyọ̀, dá wọn dúró! Kì í ṣe bákan náà! Ṣé o gbọ́?"

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

Ó fò sínú kẹ̀kẹ́ Máruwá láìwọ bàtà gidi. "Mando, don Allah, yi sauri," ló ń fi Hausa bẹ oníkẹ̀kẹ́ kó yára; oníkẹ̀kẹ́ ń sáré, òun tún ń ní kó sáré sí i. Nígbà tí wọ́n dé orí afárá odò Kàdúná, ọkọ̀ dí ọ̀nà. Folúṣadé ń fi ọwọ́ gbá irin kẹ̀kẹ́ náà.

"Hajiya, kò sí ìyẹ́ lára kẹ̀kẹ́ mi," ni ọmọkùnrin náà fi Hausa dá a lóhùn.

Kó tó dé Mando, igi náà ti dùbúlẹ̀. Òórùn ọsàn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gba gbogbo àdúgbò. Morọ́láyọ̀ jókòó sórí kùkùté, ó ń ṣa èso sínú ọpọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Kí ló dé tí ẹ ń mí báyìí?"

"Ewé rẹ ni mo fún Ọpẹ́mipọ̀." Kò lè wo ojú rẹ̀. "Mo já a lára igi yìí. Tèmi kò yàtọ̀ sí ti gbogbo Romi. Tìrẹ nìkan ló yàtọ̀."

Morọ́láyọ̀ gbé ọpọ́n sílẹ̀.

"Ẹ jí ewé? Ẹ̀yin? Lẹ́yìn tí mo bu omi fún yín?"

"Mo ní ṣebí ìbejì ni wọ́n..."

"Ẹ má pe ìbejì!" Igbe náà mú kí àwọn agégi dẹ́kun iṣẹ́. "Láti kékeré ni ẹ ti ń gba èyí tó tóbi. Ẹran tó tóbi, yàrá tó tóbi, igi tó ga. Èmi ò sọ̀rọ̀. Èyí tó ṣẹ́kù, tí ẹ̀yin fúnra yín rẹ́rìn-ín sí, òun náà tún wù yín!"

Ọládàpọ̀ ló wí pé kí wọ́n pe Ọpẹ́mipọ̀ ná. Ọmọbìnrin náà kò bínú lórí fóònù. Ìbínú tirẹ̀ dé lẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n gé àwọn ẹ̀ka tó tó ìka kékeré kúrò kí oòrùn tó mú wọn, kí wọ́n já ewé wọn, kí wọ́n fi aṣọ tútù wé wọn, kí wọ́n gbé wọn wá sí Romi kíákíá.

"Mo nílò igi ọsàn wẹ́wẹ́ tó dàgbà, tó lágbára, tí yóò gbà wọ́n lónìí," ló wí. "Ti Màmá Ezra ló dára jù. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ gé gbogbo orí rẹ̀ kúrò."

Fóònù náà wà láàárín wọn. Morọ́láyọ̀ ń wò ó. Folúṣadé rí igi rẹ̀ lọ́kàn, bí ó ṣe ga kọjá ògiri, ohun kan ṣoṣo tí Ìyá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ju ti Morọ́láyọ̀ lọ.

"Gé e," ló wí. Ó tún un wí sókè.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Ọpẹ́mipọ̀ ń la ẹnu kùkùté ẹ̀ka, tó ń ki ẹ̀ka Mando bọ̀ ọ́, tó ń fi náílọ̀n dì í, ó ṣàlàyé fún Folúṣadé láìgbójú sókè. Kóró ọsàn wẹ́wẹ́ sábà máa ń hu ju ọmọ kan lọ. Èyí tó ga, tó lágbára, igi ìyá ló tún ara rẹ̀ bí; kò ní bàbá. Èyí tó rí tíńrín lọ́pọ̀ ìgbà ni ọmọ gidi, tí oyin gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi mìíràn wá fún. Òun ni gbogbo ènìyàn máa ń fà tu sọnù.

"Ìyá yín kò fà á tu," ni Ọpẹ́mipọ̀ wí.

Ẹ̀ka púpọ̀ gbẹ. Mélòó kan là, wọ́n sì gé nínú wọn so mọ́ ìdí igi tuntun fún ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, Morọ́láyọ̀ ló gbin àkọ́kọ́, nínú aṣọ funfun, gan-an bí Folúṣadé ṣe ti rí i. Folúṣadé dúró láàárín èrò, ó kọrin. Morọ́láyọ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí òjò ọdún kejì fi dé.

Igi Folúṣadé ti rúwé padà nígbà náà, ó sì ti so. Àwọn ènìyàn ń kan géètì rẹ̀ láti àárọ̀. "Màmá Ezra, ẹ fún wa ní ọsàn Morọ́láyọ̀." Lórí igi rẹ̀! Nínú ọgbà rẹ̀! Ó ń fún wọn. Nígbà mìíràn ó máa ń wọlé lọ jókòó sétí ibùsùn lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú un kúrò láyà òun, ohun tó ń jó yẹn. Kò tíì kúrò.

Lọ́jọ́ kan, ẹni tó kan géètì ni Morọ́láyọ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ dání. Ó wo igi náà, kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ kú ilé, ẹ̀gbọ́n mi. Mo wá tọrọ ọsàn mi."

"Wọlé," ni Folúṣadé wí.

Ó gba apẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Òórùn náà bò ó mọ́lẹ̀. Ó dùn ún bí ó ṣe ń dùn ún nígbà gbogbo. Apẹ̀rẹ̀ kún, Morọ́láyọ̀ ní ó tó, ṣùgbọ́n Folúṣadé tún na ọwọ́ sókè, ó ń ká sí i.