Iye Tí Ó Ti Mọ̀ Tẹ́lẹ̀

Bọ́ọ̀lù irin náà ń fì lọ, ó ń fì bọ̀ ní ìdí okùn rẹ̀, Subhransu sì di aago tó fi ń ka àkókò mú. Ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin. 11.3. Iye kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló mọ̀ pé 9.8 ni iye agbára òòfà ilẹ̀.

Ìdánwò ìgbàwọlé nìyí; àyè kan ṣoṣo ló wà fún oyè ọ̀mọ̀wé ní iyàrá ìwádìí kọ̀ǹpútà kuántọ́ọ̀mù yìí ní Pune, ní India, ó sì ti fi odidi ọjọ́ kan jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin láti Balangir ní Odisha nítorí rẹ̀. Ó ṣe ohun tí gbogbo wọn máa ń ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, èyí tí àwọn àgbà kíláàsì fi ń kọ́ àbúrò: ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdáhùn, ó kọ àwọn àkókò tí yóò bí 9.8, ó fi 9.79 kan àti 9.82 kan sí i kí ó lè jọ òótọ́. Ó rún bébà àkọ́kọ́ sápò, ó fi èkejì lé ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń dán wọn wò lọ́wọ́.

Níta, nídìí ẹni tó ń ta tíì, Tanmay, ọmọ Nagpur tí òun náà ń wá àyè yìí, ń jẹ búrẹ́dì vada pav bí ẹni tí kò ní wàhálà kankan.

"Ará Odisha, èló lo rí?"

"9.8."

"Ọwọ́ ẹ mà dá ṣáṣá o. Èmi rí 11.4. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo ní mi ò mọ ohun tó ṣe é. Kí wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín."

Tíì náà di kíkan lẹ́nu Subhransu. 11.3, 11.4: kì í ṣe àṣìṣe ọwọ́ òun nìkan nìyẹn. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ tirẹ̀ kò tilẹ̀ pẹ́ tó ife tíì kan.

"Níbo lo tún ń lọ?"

Ó ti ń sáré padà sí iyàrá ìwádìí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Vasudha Kelkar ṣì wà nídìí tábìlì. Subhransu na bébà rírún náà sí i.

"Ẹ jọ̀wọ́ mà, èyí ni mo rí. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín, èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀."

Obìnrin náà kò bínú. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin méjìlá nínú mẹ́rìnlá lẹ hùmọ̀ rẹ̀. Èmi náà hùmọ̀ rẹ̀ nígbà tèmi. Àmọ́ ohun tí à ń wọ̀n níbí, kò sí ìwé tí ìdáhùn rẹ̀ wà. Ta lo máa jí wò?"

"Ṣé àyè náà ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, mà?"

"Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló sọ ọ́ di 11.3?"

Ó wo bọ́ọ̀lù irin náà pẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ sì kan mágínẹ́ẹ̀tì kan, òòfà tó ń fa irin, tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igi tábìlì, gẹ́lẹ́ lábẹ́ ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà kọjá.

Ó yọ ọ́ kúrò. Ó tún ta bọ́ọ̀lù náà, ó tẹ aago. Ọdún méje ló ti ń kọ 9.8 sínú ìwé, kò sì rántí ọjọ́ kan tó fojú ara rẹ̀ rí i. Ó tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù náà, ó ń kà.