Obìnrin Íńdíà Tí Kò Dé sí Challenge

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ ariwo, ẹ bi í bóyá ó gbé Agbowó lọ́dún 1997 tí Bọ́láwárìn ọ̀rẹ́ mi ra ẹ̀rọ yẹn. Dùgbẹ̀ ló ti rà á, láàárín ẹrù tòkunbọ̀, lábẹ́ fíríìjì kan tí kò ní ilẹ̀kùn. Ó ní eyín funfun àti eyín dúdú bíi dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bá gbé e wọ̀, pásítọ̀ ló máa kọ́kọ́ sá, ìjọ á tẹ̀ lé e, Èṣù fúnra ẹ̀ á gba ojú fèrèsé jáde. Bọ́láwárìn ní synthesizer ni orúkọ ẹ̀. Èmi ka ìwé dé Fọ́ọ̀mù Tíríì, ibẹ̀ ni ìwé ti ní kí n máa lọ sílé, torí náà ahọ́n mi ò gba gbogbo orúkọ yẹn. Mo gé e kù sí síńtì.

Síńtì yìí ò dún bíi fèrè, kò dún bíi gìtá. Bọ́tìnnì róbótó kan wà lórí ẹ̀. Bí Bọ́láwárìn bá yí i sósì, ohùn náà á di ti ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Bó bá yí i sọ́tùn-ún díẹ̀díẹ̀, ìrọ̀rí á máa kúrò, ẹnu á máa là, ohùn á máa han wíyọ̀wíyọ̀ bíi ti ológbò tí akẹ́rù tẹ̀ nírù. Lábẹ́ ohùn yẹn, ìlù á máa lù gbì, gbì, gbì, gbì, bí ọkàn olè tó rí ọlọ́pàá. Báàsì á wá máa sáré láàárín gbì kan sí gbì kejì bí ẹṣin tó gbóòórùn kìnnìún. Orin kan ṣoṣo lè gùn láti Agbowó dé Ọ̀yọ́. Ní àdúgbò wa, ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ NEPA tí wọ́n bá múná lọ.

Níbo ló ti rí irú orin bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kan ń wakọ̀ fún ará Íńdíà kan ní Ring Road. Ọmọ ọ̀gá yẹn ló ti ìlú wọn bọ̀ pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì méjì, èmi ni mo sì dà wọ́n kọ ní ṣọ́ọ̀bù kásẹ́ẹ̀tì mi ní iwájú géètì Yunifásítì. Bọ́láwárìn sọ fún mi pé etí òkun kan wà ní Íńdíà tí wọ́n ń pè ní Goa, ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó onírun gígùn ti ń jó orin náà lẹ́sẹ̀ lásán, tí wọn ò ní jẹun, tí wọn ò ní wẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kìíní, ti àtijọ́ ni. Orin ẹ̀ ń lọ́ bí ejò, á lọ, á tún rántí ilé. Kásẹ́ẹ̀tì kejì, ti tuntun ni. Ìyẹn ò rántí ilé kankan, eré ló ń sá. Àtijọ́ tí mo wí yìí ò tíì tó ọdún márùn-ún o. Àmọ́ ẹ ò ní bi Bọ́láwárìn léèrè èyí tó dáa jù, àfi tẹ́ ẹ bá ti jẹun yó, torí ẹ ò ní rí àyè dìde.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni Hamidah. Ọmọ Alhaji Gàfárù, onílé ńlá ní Challenge, ni. Ó kọ́ nípa oúnjẹ ní Pólì, ilé búrẹ́dì tuntun tí bàbá ẹ̀ ń kọ́ ni wọ́n sì fẹ́ fà lé e lọ́wọ́. Ohun tó rí lára Bọ́láwárìn, mi ò mọ̀. Ọrùn ọ̀rẹ́ mi gùn débi pé omi tó bá mu láàárọ̀, ọ̀sán ló ń dé ikùn. Ṣùgbọ́n Hamidah ní ẹni tó wu òun nìyẹn. Ni èmi àti Bọ́láwárìn bá lọ rí Alhaji.

Alhaji wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ìyẹn sì gbà wọ́n ní àkókò.

"Mi ò ní o ò lówó," wọ́n ní. "Iṣẹ́ ẹ ni mi ò rí. Mọ̀káníìkì, mo mọ̀ ọ́n. Télọ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ìwọ, kí lo ń ṣe?"

"Orin ni, sà."

"Ìwọ lo ń kọ ọ́?"

"Rárá, sà. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́. Kò ní ọ̀rọ̀ nínú."

"Orin tí ò ní ọ̀rọ̀ nínú. Báwo lo ṣe máa fi ki èèyàn?"

Mo rí i pé ọ̀rẹ́ mi ti ń rì. Mo sì mọ ohun kan nípa Alhaji. Láti ìgbà èwe wọn ni wọ́n ti ń wo fíìmù Íńdíà ní sinimá tó wà lọ́nà Mọ́kọ́lá. Wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀, àmọ́ ẹkún tí wọ́n ti sun sí i, bí wọ́n bá dà á pọ̀, odò Ògùnpa á ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun láyè.

"Alhaji," mo ní, "ẹ má bínú sí i, ìtìjú ń ṣe é ni. Orin Íńdíà ni."

Ojú Alhaji là bí ọjọ́ Iléyá. "Orin Íńdíà? Ayọ̀bámi, ṣé obìnrin yẹn wà níbẹ̀? Èyí tó máa ń fi ohùn tín-ín-rín kọrin lẹ́yìn igi?"

"Alhaji, ẹ jẹ́ ká dé ibẹ̀ ná."

Bọ́láwárìn tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ padà.

"Ó dáa," Alhaji wí. "Sátidé tí à ń ṣí ilé búrẹ́dì mi, kó gbé iṣẹ́ ẹ̀ wá. Bí mo bá rí ohun tí iṣẹ́ yẹn wúlò fún, màá fọmọ fún un. Bí mi ò bá rí i, ìdílé kan wà ní Ìwó Road tó ti ń béèrè Hamidah, màá dá wọn lóhùn lọ́jọ́ Sátidé yẹn náà."

Sátidé pé. Lẹ́yìn ìrun Súhùrì, ìrun ọ̀sán, ìmáàmù ṣàdúrà, àlejò jókòó lábẹ́ kánópì láti iwájú ilé búrẹ́dì títí dé ibi tí àwọn onípẹ́ńtì ń jókòó sí. Alhaji ti ṣèlérí pé búrẹ́dì gbígbóná, àkọ́sè ààrò òun, ni gbogbo wọn máa fi panu. Wọ́n sì gbé àga onítìmùtìmù kan sí ẹ̀gbẹ́ síńtì, pẹ̀lú ìgò mínírà kan tó tutù, fún obìnrin Íńdíà.

Bí ìmáàmù ṣe ní àmín báyìí, NEPA ní àmín tiwọn. Iná lọ.

Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Ó kéré díẹ̀ sí ẹ̀rọ ìgẹrun. Bí Bọ́láwárìn bá tan síńtì àti gbohùngbohùn iwájú, tí Akíndúró, olórí àwọn aṣebúrẹ́dì, bá tan ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun lẹ́yìn, jẹnẹrétọ̀ á húkọ́, á sì dákú. Wọ́n tún tan án, ó tún dákú. Alhaji wọlé wá, gbáriyẹ̀ wọn ń gbá ilẹ̀.

"Bọ́láwárìn, paná nǹkan ẹ. Kí wọ́n fi iná pòyẹ̀fun."

Ọmọkùnrin náà na ọwọ́ sí ojú iná. Mo rí ojú ẹ̀; ojú ẹni tó ń sin òkú ara ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ni Hamidah ti ẹ̀yìn yọ, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó máa lò ó. Ọwọ́ la máa fi pò ó."

"Ọwọ́ kẹ̀? Àpò ìyẹ̀fun yẹn?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ rí iṣẹ́ ẹ̀. Bí ẹ bá paná, kí lẹ máa rí?"

Alhaji wo ọmọ wọn, wọ́n wo ọ̀rẹ́ mi, wọ́n wo èmi náà, bí ẹni pé èmi ni mo bí NEPA. "Kò burú. Bí búrẹ́dì ò bá dé iwájú àlejò mi ká tó kírun Àsárì nírọ̀lẹ́ yìí, ẹ̀yin méjèèjì ti gba èsì yín nìyẹn."

Bọ́láwárìn tẹ bọ́tìnnì. Gbì, gbì, gbì, gbì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn àlejò jókòó, wọ́n ń retí. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n hù. Kò sẹ́ni tó ní ariwo ni. Gbogbo wọn gbà pé ó ń tẹ́ẹ́sì ẹ̀rọ ni, pé bó bá tẹ́ẹ́sì tán, orin á bẹ̀rẹ̀, obìnrin á sì yọ. Báàsì ń sáré, ológbò ń ké, wọ́n ń mi orí fún un bíi ti ẹni tó ń bá bíríkìlà ní sùúrù.

"Tẹ́ẹ́sì yìí mà pẹ́ o," Ìyá Àbẹ̀ḿbí, ẹ̀gbọ́n Alhaji, wí.

"Bó ṣe ń pẹ́ nínú fíìmù náà nìyẹn," bàbá kan dá wọn lóhùn. "Ẹ ò ní rí i títí wọ́n á fi yí igi po tán."

Ìyá Àbẹ̀ḿbí fi ìka pè mí. "Ìwọ yìí. Obìnrin náà dà?"

"Ìyá, ó ń múra lọ́wọ́ ni."

"Láti ìgbà Súhùrì? Ṣé ó ń wọ aṣọ ni, àbí ó ń hun ún?"

Mo sá wọ ẹ̀yìn ilé lọ.

Ẹ̀yìn yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì rí á mọ̀ pé bí ẹ̀rọ ò bá sí, orin la fi ń pòyẹ̀fun. Ẹnì kan á máa dá a, àwọn yòókù á máa gbè é. Bí ẹni tó ń dá a bá dúró mí, gbogbo ọwọ́ á dúró mí. Bó bá wúkọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Akíndúró ló máa ń dá a, àyà Akíndúró ò sì ní agbára: oṣù mọ́kànlá ló lò nínú ìyá ẹ̀, ó ní òun ń sinmi. Bí mo ṣe wọlé, ìyẹ̀fun wà níbẹ̀ bí ẹrọ̀fọ̀, gbogbo wọn fara ti tábìlì.

Hamidah ló ṣí fèrèsé tó wà lẹ́yìn gbohùngbohùn. Ìlù wọlé bí ẹlẹ́wọ̀n tó sá jáde. Gbì: ẹ̀ṣẹ́ Akíndúró balẹ̀ sínú ìyẹ̀fun. Gbì: ti èkejì ẹ̀ balẹ̀. Wọ́n ń retí kí orin mí kí àwọn náà lè mí. Orin ò mí.

Bọ́láwárìn bojú wẹ̀yìn, ó rí èjìká wọn láti ojú fèrèsé. Ọ̀gbẹ́ni náà yí ara ẹ̀ padà, ó kẹ̀yìn sí Alhaji, sí ìmáàmù, sí gbogbo àgbààgbà Challenge, ó kọjú sí ìyẹ̀fun. Bí ìyẹ̀fun bá ṣì rọ̀, á pa ohùn síńtì dé. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í le, á máa ṣí i díẹ̀díẹ̀, ohùn á máa gòkè, èjìká á máa gòkè. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti àtijọ́ tó ń lọ́ bí ejò. Nígbà tó yá, ó já a sí ti tuntun, ọwọ́ àwọn aṣebúrẹ́dì sì di ohun tí ojú ò rí mọ́. Mo búra, ìyẹ̀fun ń wú kí wọ́n tó ju íìsì sí i. Àwọn eku inú ògiri ń tò ní méjì-méjì. Akíndúró tó ń rìn bí ìgbín ń ti páànù búrẹ́dì sínú ààrò bíi pé ilé ń jó lẹ́yìn ẹ̀.

"Hamidah," mo ní, "ọwọ́ wọn ò lè dúró mọ́."

"Má dá wọn lẹ́kun," ó ní. "Gbé àpò kejì wá."

Níwájú, Alhaji ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta láti wo ọ̀nà. Ojú oòrùn ti ń yí sí Àsárì. Wọ́n sún mọ́ Bọ́láwárìn pé kí wọ́n fọwọ́ ara wọn paná. Ìgbà yẹn gan-an ló gé ìlù. Gbì dákẹ́, báàsì dákẹ́, ó ku ohùn kan ṣoṣo tó ń lọ sókè, hùùùùù, bí ìgbà tí bààlúù fẹ́ gbéra.

Gbogbo kánópì dìde. Wọ́n mọ̀ pé obìnrin náà ti dé. Alhaji tún fìlà wọn ṣe. Ìmáàmù pàápàá fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Hamidah jáde, ojú funfun fún ìyẹ̀fun, èéfín ààrò yí i ká, ó ru páálí búrẹ́dì gbígbóná lórí. Ìlù sì bọ́ padà, gbì.

"Ọmọ Gàfárù ni obìnrin náà," bàbá tó sọ̀rọ̀ fíìmù lẹ́ẹ̀kan wí. "Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kó kọrin."

Wọ́n na etí. Hamidah gbé páálí kalẹ̀.

"Ẹ jẹun," ó ní.

Wọ́n jẹun. Kò sẹ́ni tó rántí béèrè orin mọ́. Búrẹ́dì náà rọ̀ débi pé ẹni tí ò léyín jẹ mẹ́rin. Ìyá Àbẹ̀ḿbí lọ jókòó sórí àga onítìmùtìmù, wọ́n ṣí mínírà àlejò, wọ́n ní kó má baà gbóná. Ṣùgbọ́n páálí ò dáwọ́ dúró. Ọ̀kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Búrẹ́dì kún iwájú ilé, wọ́n ń tò ó sórí ọkọ̀ àlejò. Alhaji sáré wọ ẹ̀yìn lọ, wọ́n bá gbogbo àpò ìyẹ̀fun ọ̀sẹ̀ yẹn ní òfìfo.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ po gbogbo ẹ̀?"

Akíndúró ti jókòó sílẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ṣì ń lu ìtan ẹ̀. "Alhaji, orin ò dúró. A ò mọ ibi tí à bá dúró sí."

Alhaji padà síwájú. Bọ́láwárìn ṣẹ̀ṣẹ̀ paná ni, òógùn bò ó bí ẹni tó jáde nínú odò.

"Nǹkan yìí, ṣé kì í rẹ̀ ẹ́ ni?"

"Kì í rẹ̀ ẹ́, sà."

"Obìnrin ńkọ́?"

Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Aláìgbọ́n náà ò fura.

"Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀, sà. Kò sí rí. Ayọ̀bámi ló sọ bẹ́ẹ̀."

Alhaji yíjú sí mi. Mo ń wo ẹyẹ kan lójú ọ̀run. Ẹyẹ náà dára gan-an.

"Mo múra, mo wọ fìlà àrán," Alhaji wí, ohùn wọn sì wálẹ̀. "Ó dùn mí o." Wọ́n bu búrẹ́dì, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́. "Ṣùgbọ́n màá sòótọ́. Iwájú àlejò kọ́ ni iṣẹ́ yìí wúlò sí, ẹ̀yìn ló wúlò sí. Màá ránṣẹ́ sí àwọn ará Ìwó Road pé kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu. Sọ fún àwọn èèyàn ẹ kí wọ́n wá rí mi."

Ariwo ti di Bọ́láwárìn létí, ohùn Alhaji tó wálẹ̀ yẹn ò sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. "Sà?" ó ní.

Hamidah ò dúró de àlàyé. Ó fi orúnkún gbá a lẹ́yìn orúnkún, ọ̀rẹ́ mi sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Alhaji, àyà ẹ̀ lé búrẹ́dì mẹ́ta. Ó rò pé wọ́n ti lé òun ni. Ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí náà ló ti ń bẹ̀bẹ̀, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dárí jì mí, mi ò ní tún gbé e wá mọ́," tí Alhaji ń sọ pé kó gbé e wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí Ìyá Àbẹ̀ḿbí sì ń pariwo láti orí àga pé kí ẹnì kan jọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọkọ ìyàwó.