Ìwé Tí Abigail Yàn

Ẹgbẹ́ Ojú-Ìwé ní òfin kan tí wọn kì í fi ṣeré: ẹni tí oṣù bá kàn ni yóò yan ìwé, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ta kò ó. Ìbò ni wọ́n ń dì tẹ́lẹ̀ lórí Wasáàpù, àmọ́ ìbò fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wọn ká. Ìwé ìfẹ́ ló ń wọlé lóṣooṣù, àwọn tí kò sì fẹ́ràn ìwé ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ọkọ wọn dìbò lẹ́ẹ̀kejì. Ni Christianah, ọmọbìnrin tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ láti inú yàrá kan ní Yábàá, bá fòpin sí ìbò. Ó to orúkọ àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀léra, ó ní kálukú á jẹ tirẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Nígbà tó kan Benjamin, ìwé lórí ọ̀sìn ìgbín ló yàn. Wọ́n pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí wọ́n ṣe ń pín gbogbo ìwé, wọ́n kà á tọkàntọkàn, wọ́n sì fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan jíròrò ìkarahun. Kò sẹ́ni tó ráhùn.

Oṣù Ọ̀wàrà ni ti Abigail. Abigail kì í ṣe ẹni tí ń kánjú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dá àwọn oníbàárà tínú ń bí lóhùn lórí fóònù, sùúrù ló fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n oṣù yìí, ó kánjú dé e. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Adéfúnmiláyọ̀, kú nígbà òjò èṣí, ọmọ ọdún mẹ́rin, láti ìgbà náà kò sì sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ náà létí rẹ̀ mọ́.

Bí àṣà wa ṣe rí nìyẹn, mi ò mọ ẹni téèyàn ìbá bá jà lé e lórí. Ọ̀fọ̀ ọmọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jókòó tì. Òwúrọ̀ tí ọmọ yẹn kú, àwọn àgbà ilé gbé e lọ, wọn ò sì jẹ́ kí bàbá tàbí ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ìyá ọkọ Abigail ti ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, ó kó aṣọ, bàtà àti fọ́tò ọmọ sínú báàgì ńlá kan, ó gbé e pamọ́. Ó wá di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Tìfẹ́tìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Tìfẹ́tìfẹ́ ni gbogbo ẹni tó wá kí wọn fi sọ ọ́, wọ́n á sì yára yí ọ̀rọ̀ sí owó epo. Àwọn ará ilé tí wọ́n jọ ń gbé ní Súrùlérè, tí wọ́n ń pè é ní Màmá Fúnmi láti ìgbà tó ti bímọ, dédé bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Àǹtí Abigail, bí ẹni pé wọ́n ṣèpàdé lé e lórí. Ọláníyì ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ní Muṣin, kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan. Ó ń jáde ní kùtùkùtù, ó ń wọlé lálẹ́, ó ń jẹun, ó ń sùn.

Ohun tó ń ba Abigail lẹ́rù ni pé ọmọ náà ti ń tán lọ nínú òun. Ohun téèyàn ò bá rí ẹni bá sọ, bíbàjẹ́ ló ń bàjẹ́ síni nínú. Ohùn ọmọ náà ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó yá, kò rántí eyín tó kọ́kọ́ hù lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó sì sunkún lórí eyín yẹn ju bó ṣe sunkún lọ́jọ́ tí ọmọ kú. Ohun tó ń wá kò pọ̀. Ó fẹ́ kí ẹnì kan, ẹnikẹ́ni, jókòó síwájú òun kó bi òun pé, irú ọmọ wo ni Fúnmi?

Ìwé tó yàn kò nípọn. Ó rí i lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àlòkù ní Yábàá, ó sì kà á tán kó tó délé. Ìtàn obìnrin kan ni, tí ọmọkùnrin rẹ̀ kú. Láàárín ìwé náà, àwọn obìnrin àdúgbò wá jókòó yí i ká, wọ́n ń bi í nípa ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan: kí ló fẹ́ràn láti jẹ, ta ló fìwà jọ, kí ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Abigail ka ibẹ̀ títí ojú ìwé náà fi rọ̀. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí gbogbo ẹgbẹ́ bá lè kà á, bí wọ́n bá dé ibi tí àwọn obìnrin yẹn ti jókòó, ó di dandan kí ẹnì kan bi òun náà.

Nígbà tí oṣù wọlé, ó fi orúkọ ìwé náà ránṣẹ́ sójú ẹgbẹ́, ó sì ṣàlàyé ní gbólóhùn kan ohun tí ìtàn náà dá lé. Gbogbo wọn ló rí i. Ẹnikẹ́ni kò fèsì. Benjamin tiẹ̀ fi àmì àtàǹpàkò kan síbẹ̀, ó sì tún yọ ọ́ kúrò. Ní ọjọ́ kejì, Christianah gbé kàlẹ́ńdà tuntun jáde. Wọ́n ti sún ìwé Abigail sí oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún tó ń bọ̀, wọ́n sì ti fi ìwé apanilẹ́rìn-ín kan rọ́pò rẹ̀.

Abigail jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléeṣẹ́ wọn, ó pè é.

"Christianah, ṣé a ti yí òfin wa padà ni?"

"Àǹtí Abigail, ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo ní kí n pè yín tẹ́lẹ̀ náà ni. A kàn sún schedule yẹn díẹ̀ ni."

"A? Àwọn wo?"

"A jọ sọ̀rọ̀ ẹ̀ ní group kejì."

"Group kejì wo?"

"Wọ́n kàn ṣí i ni, Àǹtí. Kì í ṣe torí yín sha. Torí Haleemah ni. Oyún ẹ̀ ti wọ oṣù méje, mummy ẹ̀ sì ní kò gbọ́dọ̀ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ báwọn màmá wa ṣe máa ń ṣe."

Abigail fara ti ògiri. Òun ló mú Haleemah wọ ẹgbẹ́ yìí. Ibi iṣẹ́ kan náà ni wọ́n wà nígbà kan, àìmọye ọjọ́ Sátidé ni Haleemah sì ti wá sílé wọn, tó pọn Fúnmi káàkiri àdúgbò bí ẹni pé òun ló bí i. Lánàá òde yìí, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Haleemah ń sọ bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe wọ́n, kò sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀. Oṣù méje. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ̀. Ọmọ rẹ̀ kú, wọ́n wá ń gbé oyún sá fún un, bí ẹni pé ojú rẹ̀ lè ran ọmọ inú. Ó dùn ún wọ egungun, kí n má purọ́.

"A ka ìgbín, Christianah," ó ní.

"Mà?"

"Mo ní a ka ìgbín. Benjamin yan ìgbín, gbogbo wa sì kà á. Oṣù mi rèé. Ẹ dá ìwé mi padà sáyè ẹ̀. Ẹni tí ò bá fẹ́ kà á, kó má kà á."

Christianah kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ràn ètò ju èèyàn lọ ni, àìsàn yẹn sì ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa. Nígbà tí wọ́n fi òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe bá a wí, ó gbà. Ó dá ìwé náà padà, ó pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó sì fi ìpàdé orí fóònù sí ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Oṣù náà falẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Christianah á kéde orí tó kàn, Abigail á kọ ohun tó rí nínú rẹ̀, ojú ẹgbẹ́ á sì pa rọ́rọ́. Benjamin sọ lẹ́ẹ̀kan pé lẹ́tà inú ìwé náà ti kéré jù. Ẹlòmíràn yin àwòrán tó wà lẹ́yìn ìwé. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àwọn obìnrin ti jókòó yí ìyá ọmọ ká, ọ̀rọ̀ owó dátà ni wọ́n ń sọ. Abigail kò bínú. Bó bá ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, á máa to ohun tó fẹ́ sọ lọ́jọ́ ìpàdé, á máa tún un tò, bí ìgbà téèyàn ń múra de àlejò.

Mẹ́rin péré nínú mẹ́wàá ló wá sí ìpàdé. Abigail jókòó síwájú fóònù rẹ̀ ní pálọ̀, Ọláníyì wà nínú yàrá. Ó rí ojú Christianah, ó rí ti Benjamin. Lẹ́yìn náà ni ojú kẹrin yọ, Haleemah ni. Imú rẹ̀ ti fẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú, kò sẹ́ni tó máa rí i tí kò ní mọ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, Àǹtí," ó ní, kò sì gbójú sókè.

"Haleemah, o kú ìkúnra. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀." Abigail sọ ọ́ látọkàn wá, ó sì ya òun pàápàá lẹ́nu.

Christianah ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Benjamin sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe to orí ìwé náà, ó ní ìparí rẹ̀ kò tẹ́ òun lọ́rùn. Christianah ní èdè rẹ̀ dùn. Wọ́n sọ ti àwòrán ẹ̀yìn ìwé lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹní ń rìn lẹ́bàá kànga ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ náà, olúkúlùkù ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Níkẹyìn, Christianah béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè fún Àǹtí Abigail tó yan ìwé.

"Èmi ní," Haleemah dáhùn. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Nípa Fúnmi ni mo fẹ́ bi yín."

Ó ti lé lọ́dún kan tí Abigail ti gbọ́ orúkọ náà kẹ́yìn lẹ́nu ẹlòmíràn. Ayọ̀ dé sí i, ayọ̀ gidi, ó sì fa àga sún mọ́ fóònù.

"Bi mí," ó ní. "Bi mí, jọ̀ọ́."

"Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ kọ́kọ́ rí lára ẹ̀? Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé kì í ṣe ibà lásán?" Omi ti lé ròrò sójú Haleemah. "Mummy mi ní kí n má bi yín. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí, Àǹtí. Mi ò fẹ́ kí tèmi wá ṣe bẹ́ẹ̀ kí n má tètè mọ̀."

Abigail wò ó. Ó lè pa fóònù. Ó lè sọ ohun tí Haleemah kò ní gbàgbé láéláé, ẹnu rẹ̀ sì ti yá. Ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ ọmọbìnrin náà lórí ikùn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bó bá jẹ́ òun ló lóyún, ohun tí òun náà máa béèrè nìyẹn.

Nítorí náà, ó dáhùn. Ó sọ fún wọn bí ara ọmọ náà ṣe gbóná, bí wọ́n ṣe ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, bó ṣe wá kọ̀ tí kò mu omi mọ́. Ó sọ pé òjò ń rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú ọ̀nà ti kún, òun àti bàbá ọmọ sì fohùn ṣọ̀kan pé kí ilẹ̀ mọ́ ná.

"Má dúró kí ilẹ̀ mọ́, Haleemah," ó ní. "Tọ́mọ ò bá ti mumi mọ́, gbé e jáde, òjò yòówù kó máa rọ̀."

Benjamin béèrè bí ara ṣe gbóná tó. Ó dá a lóhùn. Christianah béèrè bóyá ọmọ náà bì. Ó dá òun náà lóhùn. Ó rí i pé Benjamin ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí," Christianah sọ nígbà tó yá. "Ìpàdé tòní wúlò gan-an. Mi ò rò pé a ti ṣe èyí tó wúlò tó báyìí rí." Ó kéde ẹni tí oṣù Bélú kàn, ó sì dágbére. Benjamin kúrò. Haleemah dúró sẹ́yìn díẹ̀, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́, títí ohùn ìyá rẹ̀ fi pè é láti ẹ̀yìn, òun náà sì lọ.

Ó wá ku ojú Abigail nìkan lórí fóònù. Kò pa á. Gbogbo ohun tó ti ń tò láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì mọ ibi tó máa kó o sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún ojú ara rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ó bẹ̀rù ológbò, kò bẹ̀rù ajá," ó ní. "Tó bá ń sùn, á ti ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ ẹ̀yìn mi. Tí mo bá se ẹyin fún un, á jẹ funfun rẹ̀ tán, á wá fi pupa sílẹ̀ kẹ́yìn, á ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀."

"Pupa ló ń kọ́kọ́ jẹ."

Ọláníyì ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá. Abigail kò mọ ìgbà tó ti dé ibẹ̀.

"Kí lẹ wí?"

"Funfun ló máa ń fi kẹ́yìn. Kò fẹ́ràn funfun. Pupa ló ń kọ́kọ́ jẹ."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Kíá ni Abigail rí i, àwo pẹrẹsẹ, funfun ẹyin tó ti gbẹ létí rẹ̀, àti ọmọ tó ń sá fún un. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́ lódì fún ara rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè tún un ṣe.

"Ẹ wá jókòó," ó ní. "Ẹ bá mi sọ èyí tó kù. Ẹ jọ̀ọ́."

Ọláníyì mi orí. Ó ní òun ń bọ̀. Ó wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀, Abigail sì gbọ́ tí géètì ìsàlẹ̀ ṣí, tó sì tún padé.

Ó kọjú sí fóònù padà, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ológbò. Nígbà tó dé ibi ẹyin, ó fi pupa ṣíwájú.